Ìlú Àwọn Afẹsẹ̀rìn

Bí ọ̀rọ̀ àtikúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lọ gbafẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan bá jáde láàárín àwọn ènìyàn wa níbí, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ ṣáájú ni pé, "Ta ló máa wakọ̀?" Bí a ò bá rí awakọ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Kálukú á padà sí Peckham tàbí Woolwich, àlejò tó ti Ìbàdàn wá á sì fi gbogbo ìsinmi rẹ̀ rìn láti ilé ìtajà kan dé òmíràn. Ó máa ń dùn mí gan-an. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tóbi, ojú irin rẹ̀ pọ̀, òfin sì dáàbò bo ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó la inú oko àti pápá kọjá káàkiri. Ẹni tí kò ní mọ́tò lè gbádùn ilẹ̀ yìí dọ́ba, bí ó bá ti mọ ibi tí yóò wọ̀ sí.

Ibùwọ̀ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi àwòrán yan ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n á rí Bibury tàbí Castle Combe lórí fóònù, àwọn ilé olókùúta kéékèèké tó rẹwà, wọ́n á sì gba yàrá síbẹ̀. Wọn ò ní mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń dé ibẹ̀, bọ́ọ̀sì sì ṣọ̀wọ́n, àfi ìgbà tí wọ́n bá dúró ti àpótí wọn lẹ́bàá títì. Ó nídìí tí ọ̀rọ̀ fi rí bẹ́ẹ̀. Ní 1963, Richard Beeching, ọ̀gá iléeṣẹ́ ojú irin ìjọba, gbé ìjábọ̀ kan jáde tó dámọ̀ràn kí wọ́n ti ibùdókọ̀ ojú irin tó lé ní 2,000 pa, wọ́n sì ti èyí tó pọ̀ nínú wọn lóòótọ́. Nígbà tó di 1986, ìjọba tún yọwọ́ nínú ètò bọ́ọ̀sì lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Ibi tí èrè ò sí, bọ́ọ̀sì ibẹ̀ rọra ń pòórá ni. Ìdí nìyẹn tí ìlú méjì fi lè jọ rẹwà bákan náà, kí ọ̀kan gba afẹsẹ̀rìn tọwọ́tẹsẹ̀, kí èkejì sì há a mọ́. Ní agbègbè àwọn adágún tó wà lápá àríwá, ọkọ̀ ojú irin kò dé Keswick mọ́ láti 1972, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dé Windermere, bọ́ọ̀sì 555 sì ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí Ambleside, Grasmere àti Keswick fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí Cotswolds, agbègbè tí Bibury àti Castle Combe wà, Moreton-in-Marsh ni kó sùn. Ọkọ̀ ojú irin ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ síbẹ̀ tààrà, ọjà wọn ń ná ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì sì ń ti ibẹ̀ lọ sí Stow àti Bourton.

Kí ẹ tó sanwó ibikíbi, ẹ kọ́kọ́ wo ìwé àkókò bọ́ọ̀sì ìlú náà, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ òpó ibùdókọ̀, tí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ojú fo lẹ́tà kéékèèké tó wà lókè nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí "Sch" níbẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ọmọ bá ń lọ sílé ìwé nìkan ni ọkọ̀ yẹn ń rìn. Bí oṣù Kẹjọ bá dé, kò sí i. Ẹ wo ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ abúlé kì í ní bọ́ọ̀sì kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ọkọ̀ tó kẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ti ń lọ ní aago mẹ́fà, ọjọ́ yín ti kúrú nìyẹn, ẹ ó máa sáré padà nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ṣì wà lókè.

Ní tèmi, bí wọ́n bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo fún ẹni tí kò wakọ̀, Canterbury ni n ó mú, mi ò sì ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ tí ìlú yìí ti ń gba àlejò tó fẹsẹ̀ rìn wá. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ọba pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket sínú kàtídírà ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170, àwọn olùfọkànsìn bẹ̀rẹ̀ sí í ya lọ síbi ibojì rẹ̀. Àwọn tí akéwì Geoffrey Chaucer kọ ìtàn wọn gun ẹṣin láti Southwark, Southwark kan náà tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn tálákà tó fẹsẹ̀ rìn ò lóǹkà. Eastbridge, ilé tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kejìlá kí irú wọn lè rí ibi sùn, ṣì dúró lójú títì ńlá ìlú náà, omi ń ṣàn gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ìlú tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ènìyàn wọn fífẹ̀ rẹ̀ kò nira fún ẹsẹ̀ lónìí. Láàárín odi àtijọ́ rẹ̀, kò sí ibi tó jìnnà sí ibòmíràn, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú.

Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ló wà níbẹ̀, kí ẹ má baà ṣìnà. Ọkọ̀ ayára láti St Pancras ń dé Canterbury West ní nǹkan bí wákàtí kan. Ti Victoria ń dé Canterbury East, ó pẹ́ díẹ̀ jù ú lọ, owó rẹ̀ sì sábà máa ń dínkù. Èmi fẹ́ràn West. Bí ẹ bá jáde níbẹ̀, ẹ ò ní pẹ́ kan Westgate, ẹnubodè ńlá tí wọ́n mọ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá. Àdúgbò yẹn ni kí ẹ wá yàrá sí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo mú lọ síbẹ̀. Eékún ń yọ ọ́ lẹ́nu, mo sì ti ń ronú bí n ó ṣe máa háyà takisí kiri. Ó ní, "Àbúrò mi, mi ò ti Ìbàdàn wá jókòó sínú mọ́tò níbí o. Èyí tí mo jókòó sí nílé ti tó mi." A gba etí odò Stour, lójú ọ̀nà pẹlẹbẹ tó lọ sí abúlé Chartham, nǹkan bíi máìlì mẹ́ta. Omi náà mọ́ débi pé a rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn ewé odò gígùn ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí irun tí obìnrin tú sílẹ̀ de onídìrí. Ibi tó bá rẹ̀ ẹ́ la máa ń jókòó. Nígbà tí a dé Chartham, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa padà, ìṣẹ́jú mélòó kan péré, ẹ̀gbọ́n mi kò sì rin ìgbésẹ̀ kan ju èyí tó wù ú lọ.

Ṣùgbọ́n kàtídírà ló gbà á lọ́kàn jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821 ni, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lórí òkun ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ náà, wà láàyè, ó sì wà níbi ayẹyẹ ọjọ́ náà. Ní 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby dúró nínú kàtídírà kan náà, ó tọrọ àforíjì fún bí ìjọ ṣe fi Àjàyí jẹ oyè tán, tí wọ́n sì tún dà á. Owó ni wọ́n fi ń wọlé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìsìn ìrọ̀lẹ́ kò gba kọ́bọ̀. A jókòó síbẹ̀, àwọn akọrin ń kọ orin Màríà àti orin Síméónì ní Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń gbọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kà á tẹ̀ lé wọn lábẹ́ ahọ́n, ní Yorùbá. Nítorí pé ibùwọ̀ wa kò jìnnà, nígbà tí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tún dé, ó mú ìborùn rẹ̀, ó ní ká tún máa lọ. Ẹni tó bá wa mọ́tò wá fún wákàtí díẹ̀ kì í rí irú ìgbádùn yẹn, owó páàkì á ti máa lé e lọ.

Bí òkun bá ń wù yín, bọ́ọ̀sì Whitstable kì í pẹ́ dé. Àwọn tí eékún wọn dá ṣáṣá lè gba ọ̀nà Crab and Winkle lọ síbẹ̀. Apá kan rẹ̀ tọ ipa ojú irin tí wọ́n ṣí ní 1830, èyí tó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gbé èrò láyé. Ọkọ̀ ojú irin tún ń lọ sí Dover, Broadstairs àti Margate. Ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Owó ìrìn àjò yìí kò pa ni lára. Láti oṣù Kìíní ọdún 2025, owó ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn bọ́ọ̀sì lẹ́yìn odi Lọ́ńdọ̀nù kì í kọjá £3 fún àlọ, ẹni tó bá sì ti pé 60 ọdún lè ra Senior Railcard, tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọkọ̀ ojú irin. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń ti ilé bọ̀ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró de awakọ̀. Ẹ ra bàtà tó rọ̀ fún wọn, ẹ gba yàrá nítòsí Westgate láàárín ọ̀sẹ̀ tí èrò kì í pọ̀, kí ẹ sì mú wọn lọ wo ibi tí wọ́n ti fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù.