Fọ́ọ̀kì Tí Ó Yẹ Kẹ̀kẹ́ Òkè-Ògùn

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ jáde ní Ṣakí ní Òkè-Ògùn, ọmọ Àsàbàrí, ní àkókò tí ọyẹ́ ti fa omi inú ilẹ̀ gbẹ tán, tí ó sì dorí kọ ọ̀nà oko tí ọkọ̀ akẹ́rù àti ọ̀kadà ti tẹ̀ di págunpàgun, yóò ti mọ̀ pé ọwọ́ ni ìyà ọ̀nà náà kọ́kọ́ ń bá, kí ó tó kan ìdí, kí ó tó wá kan ẹsẹ̀ tí ń wa kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ pupa wa, tí òkúta wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú, a máa le koko lọ́jọ́ ọ̀gbẹlẹ̀, a sì máa yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́jọ́ òjò. Gbòǹgbò igi òrí a yọ síta láàárín ọ̀nà, àgbàrá a sì la ilẹ̀ sí méjì. Ohun gbogbo tí táyà iwájú bá kọlù nínú ìwọ̀nyí, fọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ méjì tí ó di táyà iwájú mú, ni ó ń gbà á, fọ́ọ̀kì náà ni ó sì ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún ọwọ́. Nítorí náà, nígbà tí mo pinnu láti fi owó tí kò tó nǹkan to kẹ̀kẹ́ orí-òkè kan jọ fún ara mi, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ le gbagidi tí iwájú rẹ̀ nìkan ń rọ̀, n kò kọ́kọ́ ronú ṣéènì, n kò ronú jíà, n kò sì ronú ọ̀dà tí n ó fi kùn ún. Fọ́ọ̀kì ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí bí iwájú kẹ̀kẹ́ bá ti bàjẹ́, kò sí ohun tí a ṣe sí ẹ̀yìn rẹ̀ tí yóò mú kí ó gbádùn láti gùn.

Àwọn baba wa kò mọ fọ́ọ̀kì tí ń rọ̀. Raleigh, Humber àti Hercules tí wọ́n rà ní ilé ìtajà àwọn òyìnbó, irin ni fọ́ọ̀kì wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni ẹni tí ó rọ wọ́n, nítorí ó tẹ ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì náà síwájú díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí irin náà fúnra rẹ̀ ń fì bí ó bá kọlu òkúta, ó sì fi sípíríǹgì sí abẹ́ ìjókòó aláwọ. Kẹ̀kẹ́ ológere bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ru iṣu wálé, òun ni wọ́n fi gbé ìyàwó, òun ni àwọn oníṣòwò fi ná ọjà Kíṣì àti Ìgbòho, tí wọ́n sì fi kó aṣọ òfì jáde ní Ìṣẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí. N kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà títẹ́ nìkan ni mò ń rìn, n kì bá tí wá òmíràn.

Ọwọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni fọ́ọ̀kì tí ń rọ̀ ti di ọjà fún kẹ̀kẹ́ orí-òkè. Alùpùpù ti ní tirẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 1989 ni ilé-iṣẹ́ RockShox, tí Paul Turner dá sílẹ̀, gbé èyí tí wọ́n pè ní RS-1 jáde. Mìlímítà 48 péré ni ó lè rì wọlé. Ní ọdún 1990, nígbà tí a ṣe ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ orí-òkè ní ìlú Durango ní ìpínlẹ̀ Colorado, irú fọ́ọ̀kì yìí ni ó wà lára kẹ̀kẹ́ Greg Herbold tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ òkè. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ ti ń tẹ̀lé e, títí ó fi kan àwọn tí ń ṣe kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti dé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ìrísí fọ́ọ̀kì náà sí iwájú kẹ̀kẹ́, wọn kò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí i.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Férémù ni a sì gbọ́dọ̀ wò kí a tó náwó sí fọ́ọ̀kì. Tèmi jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó ti Èkó dé, a ṣe é fún rímù ínǹṣì 26, ihò orí rẹ̀ sì gún régé láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọrùn fọ́ọ̀kì tí ó lè gbà kò ju ínǹṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ, èyí tí í ṣe mìlímítà 28.6. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀kì ìgbàlódé ni ọrùn wọn sanra ní ìsàlẹ̀ dé ínǹṣì kan àbọ̀. Bí ó ti wù kí irú wọn lẹ́wà tó, wọn kò lè wọ ihò bẹ́ẹ̀ láéláé. Gígùn ọrùn náà tún ń kọ́? Fọ́ọ̀kì tòkunbọ̀ kì í sábà dé láìjẹ́ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ lò ó ti gé ọrùn rẹ̀ bá férémù tirẹ̀, bí ó bá sì ti kúrú ju tiwa lọ, ọ̀rọ̀ parí. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ Ògún Lákáayé tí ń jó irin létí ọjà yóò ní àwọn lè fi òmíràn lé e. Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò kéré, ṣùgbọ́n ọrùn fọ́ọ̀kì kì í ṣe ibi tí à ń jó, nítorí bí ó bá já nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ojú ni a ó fi balẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ààsì: ti àtijọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, mìlímítà 9, a sì lè fi ọwọ́ tú u wéré, tuntun sanra tó mìlímítà 15, ó sì ń gba inú ihò ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ti bíréèkì náà wà níbẹ̀: ẹni tí ó ń lo rọ́bà tí ń fún rímù gbọ́dọ̀ rí ìkọ́ méjì lára fọ́ọ̀kì, ẹni tí ó sì ń lo dísìkì gbọ́dọ̀ rí etí tí a ó dè é mọ́ ní ẹsẹ̀ òsì.

Èyí tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìwọ̀n tí fọ́ọ̀kì lè rì wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé bí ó bá ti ń rì jìn tó ni yóò ti máa dára tó, wọn a sì máa wá mìlímítà 130 kiri fún férémù tí a ṣe fún 100. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Fọ́ọ̀kì tí ó gùn jù a máa gbé orí kẹ̀kẹ́ sókè, iwájú a sì tẹ̀ sẹ́yìn. Bí a bá fi nǹkan bí 20 mìlímítà kún un, igun tí orí férémù fi dúró yóò rọ̀ tó bíi dígírì kan. Ẹni tí ń pọ́n ọ̀nà òkè Adó-Àwáyè yóò mọ ohun tí èyí jẹ́ nígbà tí táyà iwájú bá bẹ̀rẹ̀ sí rìn gbéregbère, tí kò sì fẹ́ gbọ́ ti ọwọ́ mọ́. Ewu mìíràn tún wà tí kò hàn sójú: fọ́ọ̀kì gígùn a máa fi agbára wọ́ ojú ibi tí a ti jó orí férémù pọ̀, ibẹ̀ ni alumíníọ̀mù tí ó ti gbó sì ti ń là. Nítorí èyí, mo mú fọ́ọ̀kì tí ó bá férémù náà wá, èyí tí ìpẹtà ti tì pa, mo wọ̀n ọ́n láti àárín ààsì dé ìdí ọrùn, mo sì wá èyí tí gígùn rẹ̀ sún mọ́ ọn. Mìlímítà 100 tó fún wa.

Nínú fọ́ọ̀kì tí ó pé, ohun tí ń rọ̀ wà, ohun tí ń dá a lẹ́kun sì wà. Sípíríǹgì irin tàbí afẹ́fẹ́ ni ó ń rọ̀. Ọ́ìlì tí ń gba ihò tóóró kọjá ni ó ń dá a lẹ́kun, kí ó má baà fò padà kí ó sì ju ọwọ́ ẹni dànù. Fọ́ọ̀kì tí ó ní sípíríǹgì láìní ọ́ìlì dà bí ẹṣin tí a gùn láìfi ìjánu sí i lẹ́nu. Irú wọn ni ó pọ̀ jù lórí kẹ̀kẹ́ tuntun olówó pọ́ọ́kú: ẹ tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, bí ó bá fò sókè tí ó sì lu ara rẹ̀ gbà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ín.

Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ ju irin lọ. Fọ́ọ̀kì oní-sípíríǹgì lè wọ̀n tó kílò méjì àbọ̀, ti afẹ́fẹ́ a sì dín sí i dáadáa. A tún lè fi afẹ́fẹ́ kún un tàbí kí a yọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gùn ún ti wúwo tó. Àwọn tí wọ́n ti gun Judy ti RockShox ń yìn ín, wọn kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ọ̀tọ̀ ni a fi ń fún un, kì í ṣe ti táyà. Ọ́ìlì síìlì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí ń dí i kí ó má baà jò, kò sì sí ní ìsọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe kankan tí mo mọ̀ ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ṣakí. Bí afẹ́fẹ́ bá jò tán lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, iwájú kẹ̀kẹ́ yóò rì wọlẹ̀ pátápátá, ẹsẹ̀ ni a ó sì fi rìn délé. Sípíríǹgì irin kì í jò. Ìdí nìyí tí mo fi yan XCM ti SR Suntour, ilé-iṣẹ́ tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti Japan wá tí ó sì wà ní Taiwan nísinsìnyí: ọ̀pá rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 30, ó ju 28 tí ó wà lára XCT àbúrò rẹ̀ lọ, a sì lè tì í pa nígbà tí a bá ń pọ́n òkè. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìtọ́jú rẹ̀ kò le: nọ́ọ̀tì méjì tí ó wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni a ó tú, a ó fa àkọ̀ tí ọ̀pá náà ń wọ̀ yọ, a ó nù ún, a ó fi gírísì titun sí i, a ó sì dá a padà. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá lóye lè ṣe é lábẹ́ igi.

Ní gẹ́rẹ́ tí mo dè é tán, mo mú òwú tí mo tọrọ lọ́wọ́ ahunṣọ kan ní Ìṣẹ́yìn, mo so ó yí ọ̀pá dídán náà ká níbi tí ó ti wọ inú àkọ̀. Mo rọra gun kẹ̀kẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí mo máa ń gbé, mo jókòó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Àkọ̀ ti ti òwú náà sókè. Àyè tí ó wà láàárín àkọ̀ àti òwú ni ìwọ̀n tí ara mi fi tẹ̀ ẹ́. Fún fọ́ọ̀kì mìlímítà 100, ó yẹ kí àyè náà wà láàárín 15 sí 25. Bí ó bá kéré jù, sípíríǹgì ti le jù fún ẹni náà. Bí ó bá pọ̀ jù, fọ́ọ̀kì yóò máa kan ìdí rẹ̀ gbà-gbà ní gbogbo kòtò.

Ẹni tí yóò ra tòkunbọ̀ kò gbọ́dọ̀ kánjú, nítorí bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà ni a fi ń rí ìfun rẹ̀. Kí ó nu ọ̀pá méjèèjì, kí ó sì fi èékánná wọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀: ibi tí èékánná bá ti há, ibẹ̀ ni ọ́ìlì síìlì yóò ti máa ya. Kí ó tún fún bíréèkì iwájú pa, kí ó fi ìka sí ojú ibi tí ọ̀pá ti wọ àkọ̀, kí ó sì máa ti kẹ̀kẹ́ náà síwá-sẹ́yìn. Bí ìka rẹ̀ bá gbọ́ ìgbọ̀n gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n níbẹ̀, inú fọ́ọ̀kì ti jẹ. Lẹ́yìn tí ó bá rà á tán, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá tí ó kù. Wákàtí 50 ìgùn ni àwọn RockShox ní kí a fi tú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì wọn fún ìtọ́jú, àwọn tí wọn kò sì mọ eruku Òkè-Ògùn ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Aṣọ gbígbẹ ni kí a fi máa nù ún lẹ́yìn gbogbo ìgùn. Kí a má ṣe fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́, nítorí ó ń jẹ rọ́bà síìlì.

Àwọn kan yóò ní kí a tilẹ̀ pa sípíríǹgì tì, kí a lo fọ́ọ̀kì irin tí kò rọ̀ rárá, kí a sì fi táyà tí ó fẹ̀ tó ínǹṣì méjì lé díẹ̀ sí i, kí a má fi afẹ́fẹ́ kún un jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká fọ́ọ̀kì tí ó pé, kí ó ra irin, kí ó má ra ìṣeré. Kílò kan ni yóò máa gbé dípò méjì àbọ̀, kò sì ní sí ohun tí yóò tú nínú rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá bi mí pé kí ni a fẹ́ fi gbogbo àlàyé yìí ṣe ní ìlú tí ọ̀kadà ti gbòde, n ó rán an létí Adrien Niyonshuti ará Rwanda, tí ó gun kẹ̀kẹ́ orí-òkè ní Òlíńpíìkì London ní ọdún 2012, àti pé Kigali, olú-ìlú orílẹ̀-èdè kan náà, ni a ti ṣe ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì ní 2025, ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà, kẹ̀kẹ́ tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ni ó fi díje nínú eré orí pápá. Ọmọ wa ní ẹsẹ̀, ó ní ọkàn. Irinṣẹ́ ni kò ní. Òkè kò sì wọ́n wa: Àsàbàrí wà, Ẹbẹdí wà, ọ̀nà oko tí kò lópin sì wà láti Òkèihò títí dé Kíṣì.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kó ọjà kẹ̀kẹ́ wá sí Òkè-Ògùn, mo bẹ̀ yín: ẹ má kó kẹ̀kẹ́ nìkan wá, ẹ kó ọ́ìlì síìlì, pọ́ǹpù fọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì ìpààrọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Pólì Òkè-Ògùn ní Ṣakí, ẹ fi títú fọ́ọ̀kì kún iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ náà.