Kí A Tó Ri Ọ̀pá Omi Mọ́lẹ̀ ní Ṣakí

Bí ènìyàn bá gba ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ wọ Ìsẹ́yìn lóṣù Ṣẹẹrẹ, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gba àfiyèsí rẹ̀. Koríko ti gbẹ, eruku ọyẹ́ ti bo ewé igi òrí àti igi irú, àpáta ńláńlá sì yọrí láàárín oko. Aṣọ òfì ni ayé fi mọ Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo wọkọ̀ níbẹ̀ lọ sí Ṣakí, ilẹ̀ ni mò ń wò títí a fi dé.

Mo nídìí tí mo fi ń wò ó. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ẹbí wa dáwó jọ láti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí Ṣakí. Iwájú ilé ni gbogbo wa fẹ́ ẹ sí, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn. A kò pe ẹnikẹ́ni kí ó yẹ ilẹ̀ wò. Àpáta gbígbẹ ni ẹ̀rọ bá pàdé, owó sì wọgbó. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Àgbà, yarí pé a kò ní gbẹ́ ohunkóhun títí ẹni tó mọ ilẹ̀ yóò fi dé.

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló wà ní Òkè-Ògùn, òkúta líle àtayébáyé ló sì wà lábẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ wọn. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ kì í gba omi sára, àfi níbi tó bá ti sán tàbí tó ti jẹrà. Yangí, amọ̀ àti yanrìn ló bò ó mọ́lẹ̀. Níbì kan, jíjẹrà náà jìn gan-an. Kí a tún rìn díẹ̀ síwájú, àpáta ti yọ sókè. Ìdí nìyẹn tí kànga aládùúgbò fi lè lómi kí tiwa gbẹ. Síbẹ̀, lórí òkè Adó-Àwáyè, adágún Ìyáké wà lórí àpáta. Àpáta tó ń lé omi dànù níbì kan ló gbé omi pọ̀n níbòmíràn.

Ti Ṣakí tún yàtọ̀. Ìtòsí ibi tí odò Òfìkì ti ṣẹ̀ ni ìlú náà wà, Òfìkì yìí ló sì ń ṣàn lọ bá odò Ògùn. Omi ń kúrò ní Ṣakí ni, kì í wá síbẹ̀. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni ìsédò Ìkẹ́rẹ́ wà lórí odò Ògùn. Ìjọba Shehu Shagari ló dáwọ́ lé e ní 1983. Ó lè gba bílíọ̀nù 690 lítà omi. Wọ́n sì gbèrò pé yóò fún àwọn ìlú àyíká àti Èkó pàápàá lómi, yóò sì bomi rin hẹ́kítà 12,000 oko. Ṣùgbọ́n bí omi ti wù kó pọ̀ tó, ilẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ilé ló máa ń pinnu bóyá ẹnu yóò kàn án.

Àwọn tó ri ọ̀pá epo ní Alaska mọ èyí. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é láàárín 1975 sí 1977, ilẹ̀ dídì ni wọ́n bá pàdé lápá púpọ̀ níbẹ̀. Epo gbígbóná inú ọ̀pá ìbá yọ́ yìnyín inú ilẹ̀, ọ̀pá ìbá sì rì. Nítorí náà, ó lé ní ìdajì nínú nǹkan bí kìlómítà 1,300 tí wọ́n gbé sórí òpó. Ilẹ̀ ló sọ bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá ayẹlẹ̀wò dé pẹ̀lú bátìrì, wáyà àti èèkàn irin mẹ́rin. Ó gún èèkàn náà mọ́lẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo, ó fi iná mànàmáná ránṣẹ́ nínú méjì tó wà lẹ́yìn, ó sì ń ka ohun tí méjì àárín gbọ́. Bí ó ti ń fa èèkàn jìnnà síra ni iná náà ń wọlẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tó lómi máa ń jẹ́ kó kọjá. Òkúta gbígbẹ máa ń dí i lọ́nà.

“Ẹ má bínú, Bàbá,” ni ó wí nígbà tó ṣe. “Àpáta ló wà níwájú ilé yìí. Ẹ̀yìn ọgbà, lẹ́bàá àkùrọ̀ yẹn, ni ó jẹrà jìn.”

Àkùrọ̀ náà kì í ṣe tiwa. Ìgbésẹ̀ bí 200 ló sì jìn sílé, àpáta kan tún dábùú ọ̀nà níbi tí a kò ti lè ri páìpù mọ́lẹ̀. Òkè rẹ̀ ni yóò gbà, lórí búlọ́ọ̀kù, irin ni yóò sì jẹ́, nítorí oòrùn yóò ba páìpù rọ́bà jẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń fowó kànga ránṣẹ́ sílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi owó àyẹ̀wò ilẹ̀ kún un. Ohun tí a fi gbẹ́ kànga gbígbẹ ju owó náà lọ fíìfíì.

Bàbá Àgbà dé fìlà, ó lọ bá ìyá àgbàlagbà tó ni àkùrọ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ tán, ó ní, “Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ yọ sí ọ̀dọ̀ èmi náà.”

“Méjì ni a ó yọ síbẹ̀, Màmá,” ni Bàbá Àgbà fèsì.

Wọn kò tíì gbẹ́ ẹ nígbà tí mo kúrò ní Ṣakí. Igi kan ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ lẹ́bàá àkùrọ̀, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ ọn, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má fà á tu.