Ọmọ Ogun Orí Tábìlì

Jagunjagun àkọ́kọ́ tí mo rà kò ga ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀gún igi àràbà ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ: ẹlẹ́ṣin kan tó gbé ọ̀kọ̀ sókè. Justus Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló dá iṣẹ́ ọnà ẹ̀gún sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ẹ kò ní rí ọ̀dà lára irú ère bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún fúnra rẹ̀ ní àwọ̀: òmíràn funfun bíi wàrà, òmíràn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òmíràn dúdú díẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ orí lára ọ̀kan, wọ́n á gbẹ́ ẹ̀wù lára òmíràn, wọ́n á wá lẹ̀ wọ́n pọ̀.

*

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn òyìnbó ti ń fi ère kéékèèké ja ogun lórí tábìlì. H. G. Wells kọ ìwé òfin eré náà, Little Wars, ní 1913. Nínú òfin tí Wargames Research Group tẹ̀ jáde ní 1969 fún ogun ayé àtijọ́, ère kan dúró fún ogún ènìyàn. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òǹkà tiwa nìyẹn. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún márùn-ún ni ọgọ́rùn-ún. Gbé ère mẹ́wàá kalẹ̀, igba ọmọ ogun ti dé.

*

Ẹlẹ́ṣin ló máa ń kọ́kọ́ wọ ẹni tó ń kó ogun jọ lójú. Mo ti ní mẹ́fà kí n tó rí i pé n kò ní ẹlẹ́sẹ̀ kankan. Ogun Kírìjì ni mo sì fẹ́ tò: Ìbàdàn ní Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti igbó láàárín wọn, títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ẹsẹ̀ àti ìbọn ni wọ́n fi jà á. Ẹṣin kì í pẹ́ láyé nínú igbó wa, eṣinṣin á ti kó àrùn bá a.

*

Nínú eégún Ẹ̀pà, Jagunjagun máa ń jókòó sórí ẹṣin, lórí ìkòkò tí ẹni tó gbé e fi orí wọ̀. Ẹṣin á kéré, orí olórí ogun á tóbi, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ á yí i ká ní kéékèèké. Àwọn tó ń ra ère ogun orí tábìlì máa ń ráhùn pé ti oníṣòwò kan ga ju ti èkejì lọ. N kì í da èyí tó kéré nù mọ́. Lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà wa, ipò ló ń sọ bí ère ṣe máa tóbi tó.

*

Ọyẹ́-Èkìtì, 1947 sí 1954. Ibẹ̀ ni Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì, ti kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ. Bándélé, ọmọ Àrẹògún ará Ọ̀sì, wà níbẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti wá kọ́ṣẹ́.

Ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ igi gbígbẹ́ wọn ní: ọnà lílé, alétúnlé, dídán, fínfín. Bí mo bá fẹ́ ra ère, fínfín ni mò ń wò: ìpéǹpéjú, ìjánu ẹṣin, ilà ojú. Bí ère bá ti kéré, ibẹ̀ ni ọ̀bẹ ti ń ṣi ọ̀nà.

*

Mo lọ bá bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Ayégbajú.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ogún ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́, kí gbogbo wọn jọra.”

Wọn ò gbójú sókè. “Ogun wo lo rí rí tí ojú gbogbo wọn jọra?”

Mo sanwó ère mẹ́ta. Nígbà tí mo padà lọ, onílù kan wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là bí ẹni ń pe oríkì. Oníbọn kan wà. Ẹ̀kẹta jẹ́ obìnrin tó ru igbá oúnjẹ, tó fi ọwọ́ kan dì í mú.

N kò ní kí wọ́n gbẹ́ obìnrin. Òun ni mo kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì, lẹ́yìn àwọn ẹlẹ́ṣin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.