Ìpáàrà Orí Okùn Gìtá Wa

Ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ rò fún yín lónìí, kí ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọ nínú ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ onílù lè rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú rẹ̀.

Gìtá bẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni ìjọ wa ní Amukòkò ní. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìyá àti àwọn baba dá owó tí a fi rà á. Arákùnrin kan, ọmọ ọdún 17, ni ó ń ta á. Ní oṣù Keje ọdún 2019, nígbà tí òjò kò dá mọ́, a rí i pé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pọ́n, wọ́n ń ha ni lọ́wọ́ bí iyanrìn, ohùn wọn kò sì já gaara mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé oṣù 3 tí a pààrọ̀ wọn!

Inú bí wa. Níbi ìdánrawò ọjọ́ Sátidé, lójú gbogbo ẹgbẹ́, àwa alábòójútó bá ọmọ náà wí. A ní kò ka nǹkan ilé Ọlọ́run sí. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo máa ń nù ún.” A kò gbọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, a kò rí i. Ní èkejì, a kò rí i. Ìyá rẹ̀ wá bá wa, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ọmọ mi ní òun kò ní fọwọ́ kan nǹkan ìjọ mọ́.” A rò pé ìgbéraga ni.

A ra okùn tuntun, a fún ẹlòmíràn ní gìtá náà, àwa fúnra wa sì ń dúró tì í kí ó tó nù ún tán. Kò pé ọ̀sẹ̀ 5 tí àmì pupa tún yọ. Ìgbà náà ni a tó pe bàbá kan tí ó ti ta gìtá ní òtẹ́ẹ̀lì ní Àpápá nígbà èwe rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi wá: “Níbo ni ẹ ń gbé e sí?”

A mú un lọ sí yàrá kékeré ẹ̀yìn pẹpẹ. Omi òjò ti wọ ibẹ̀ rí, ògiri rẹ̀ sì ń tutù. Bàbá náà ki ọwọ́ bọ inú àpò gìtá: fóòmù inú rẹ̀ rin! Ta ni ó pàṣẹ pé kí ọmọ náà má ṣe gbé gìtá lọ sílé nítorí olè? Àwa ni. Ta ni ó ní kí a máa ti àpò náà pa dáadáa? Àwa náà ni.

OHUN TÍ Ó Ń FA Á

Irin ni àárín okùn bẹ́ẹ̀sì, wáyà ni a sì wé mọ́ ọn lára. Ọ̀pọ̀ wáyà náà jẹ́ irin tí a fi níkẹ́ẹ̀lì bò. Bí níkẹ́ẹ̀lì bá ti ho, omi àti afẹ́fẹ́ yóò bá irin inú rẹ̀ jà, yóò sì dógùn-ún. Iyọ̀ a máa mú un yá. Iyọ̀ wà nínú òógùn ọwọ́, ó sì wà nínú afẹ́fẹ́ òkun. Ilẹ̀ tiwa sì rèé, ilẹ̀ àbàtà ni, kò jìnnà sí omi.

OHUN TÍ A Ń ṢE NÍSINSÌNYÍ

1. Kí atagìtá fọ ọwọ́, kí ó sì nù ún gbẹ, kí ó tó fọwọ́ kàn án.

2. Bí ó bá ta á tán, kí ó fi aṣọ òwú gbígbẹ nu okùn kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀. Abẹ́ okùn ni òógùn máa ń sá pamọ́ sí.

3. Ibi gíga ni kí a gbé e sí, kí ó jìnnà sí ilẹ̀ àti ògiri tútù. Àpò rẹ̀ ni kí a máa sá sóòrùn, kì í ṣe gìtá. Àwọn àpò kékeré tí ń fa omi, tí a máa ń rí nínú páálí bàtà, wúlò nínú àpò gìtá. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ ọmọdé má ṣe tó o.

4. Ẹ má ṣe fi òróró tàbí epo ọkọ̀ pa okùn. Eruku ni yóò kó jọ sí i.

5. Okùn tí kò dógùn-ún, tí ohùn rẹ̀ kàn kú nítorí ìdọ̀tí, ẹ lè tú u, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi mímọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ pátápátá. Ohùn rẹ̀ yóò padà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́. Èyí tí ó ti dógùn-ún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí yóò máa jẹ àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá, àtúnṣe ìyẹn sì wọ́n ju okùn lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa pààrọ̀ wọn, kí ọrùn gìtá má bàa dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kì í ṣe pé okùn gbígbó burú o. James Jamerson, ará Amẹ́ríkà tí ó ta bẹ́ẹ̀sì sí ọ̀pọ̀ orin Motown ní àwọn ọdún 1960, kì í pààrọ̀ okùn tirẹ̀ àfi bí ó bá já. Ohùn ogbó yẹn ni ó fẹ́. Gbígbó lọ́tọ̀, dídógùn-ún lọ́tọ̀.

Ẹ̀yin ará, a lọ sílé ọmọ náà. Lójú ìyá rẹ̀ ni a ti sọ fún un pé àwa ni a ṣẹ̀. Kò fèsì. Nítorí pé ní gbangba ni a ti bá a wí, ní gbangba náà ni a ti tọrọ ìdáríjì, níbi ìdánrawò, bí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, ó wọlé, ó jókòó lẹ́yìn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bàbá atagìtá yẹn gbé bẹ́ẹ̀sì lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn pẹpẹ wà láti ìgbà náà.

Okùn gìtá, owó lè rà á. Bí ọkàn ọmọ bá dógùn-ún sí ilé Ọlọ́run, ọjà wo ni a ó ti rí òmíràn rà? Nítorí náà, kí a tó béèrè pé ta ni ó bà á jẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé níbo ni a gbé e sí. Kí Olúwa fún wa ní etí ìgbọ́ràn. Àmín.