Gìtá Nínú Ìyẹ̀wù

Nígbà tí àwa ọmọ ilé-ìwé àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í múra sílẹ̀ fún àjọ̀dún yìí, mo fi gìtá ta orin mímọ́ kan, mo gbà á sílẹ̀ nínú ilé mi, mo sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ orin wa àtijọ́, tí ojú wọn kò ríran mọ́. Èsì bàbá kúrú: “Ọmọ mi àlùfáà, mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀, mo gbọ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ìwọ.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn, nítorí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé gìtá lé mi lọ́wọ́.

Ajah ni mo ń gbé, kò sì jìnnà sí òpópónà tí ó ti Lekki lọ sí Ẹ̀pẹ́. Bí iná ọba bá lọ ní àdúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa bú ramúramù. Ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí ríra máìkì olówó gọbọi, ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo fi sùúrù wá ibi tí àìsàn náà wà.

Èkíní ni yàrá. Ilẹ̀ pálọ̀ mi jẹ́ táìsì, ògiri rẹ̀ sì ṣófo. Ìró gìtá ń lu ògiri, ó ń padà bí ohùn ẹni tí ń pariwo nínú kànga. Mo kó lọ sí yàrá kékeré tí a ń kó aṣọ sí. Àwọn ẹ̀wù àlùfáà mi àti aṣọ òkè ìyàwó mi gbé ìró tí ì bá padà mì. Ṣùgbọ́n aṣọ kò lè dí ariwo ìta. Nítorí náà mo yan agogo mẹ́rin ìdájí, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ti sùn, tí ọkọ̀ kò sì tíì pọ̀.

Èkejì ni máìkì. Ẹnu ihò gìtá gan-an ni mo ti ń gbé e sí, níbi tí ohùn ìsàlẹ̀ ti pọ̀ jù. Nígbà tí mo sún un sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, tí mo sì kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí ọrùn gìtá ti pàdé ara rẹ̀, ohùn okùn kọ̀ọ̀kan dá ṣáká.

Ẹ̀kẹta ni okùn. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti etí òkun máa ń jẹ́ kí okùn irin tètè dípẹtà, okùn tí ó bá sì ti dípẹtà kì í dún gaara mọ́. Mo pààrọ̀ wọn, mo sì ń fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n nígbà tí mo bá ta gìtá tán.

Olóògbé T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì kọ ìwé Yoruba Music ní 1953, mọ̀ pé ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá kò ṣeé yà nípá. Bí ìró bá dàrú, ìtumọ̀ á sọnù.

Olúwa wa kọ́ wa pé kí a wọ inú ìyẹ̀wù, kí a sì ti ìlẹ̀kùn, bí a bá fẹ́ gbàdúrà. N kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yóò kan gìtá mi. Mo tún orin náà fi ránṣẹ́. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní: “Okùn kẹta rẹ lọ sílẹ̀ díẹ̀.”

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run: olùkọ́ mi ti gbọ́ mi.