Ìpele Kìíní

Nígbà tí Bàbá mi ní a ó lọ wo omi Olúmirin ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, gbogbo ilé ló ní kí Ìyá àgbà dúró sílé nítorí orúnkún wọn. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn ń ká gèlè tí wọ́n ti mú jáde padà sínú àpótí. Èmi ni mo sọ pé ìpele méje ni omi náà ní, kò sì pọn dandan kéèyàn dé ìkeje. Ọ̀nà ìpele kìíní kò le. Òkè rẹ̀ ni ó ń ga, tó sì ń yọ̀.

Èmi àti wọn ń rìn, a ń sinmi. Kí n má purọ́, nígbà tí àbúrò mi ń gòkè lọ, ó dùn mí. Ìyá àgbà bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àbúrò mi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà tó já.

“Ṣé omi òkè tutù ju èyí lọ?”

Ó ronú díẹ̀. “Rárá, mà.”

“Ó dáa. Ibo la tún ń lọ?”

Mo ti ń wádìí ọgbà ẹranko igbó Lẹkí báyìí: ọ̀nà pákó títẹ́jú wà lórí irà fún Ìyá àgbà, afárá 401 mítà sì wà lókè igi fún àbúrò mi.