Àgùntàn tó lé Ènìyàn, Àgùntàn tó dá Ènìyàn dúró

Láti orí òkè Donegal títí dé Connemara, ní ìwọ̀-oòrùn Irẹ́lándì, ilẹ̀ tí kò gba oko ló pọ̀. Àbàtà ni, àpáta kún inú rẹ̀, òjò kì í sì í pẹ́ dá níbẹ̀. Àgùntàn ló mọ bí a ti í sọ koríko irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ẹran àti owó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, lójú ará òkè, àgùntàn ju ohun ọ̀sìn lásán lọ. Òun ló so wọ́n mọ́ ilẹ̀ baba wọn.

Síbẹ̀, àgùntàn kan náà ti ṣe ọ̀tá wọn rí. Lẹ́yìn ìyàn ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1845, àwọn onílẹ̀ kan rí i pé èrè àgùntàn lè ju ìṣákọ́lẹ̀ tí tálákà ń san lọ. Wọ́n kó àgùntàn wọ Donegal láti Skọ́tlándì. Ní Derryveagh, ọ̀rọ̀ àgùntàn wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín John George Adair àti àwọn tó ń gbé orí ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa alábòójútó ilẹ̀ rẹ̀ ní 1860, Adair kò dúró kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ní oṣù kẹrin 1861, ó mú ọlọ́pàá wá, ó sì lé ìdílé 47, ènìyàn 244, jáde kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọn ló wọkọ̀ lọ sí Ọsirélíà.

Lónìí, ọmọ àwọn agbẹ̀ kéékèèké ló ni àgùntàn orí òkè. Àwọn ìdílé mélòó kan lè jọ ní ilẹ̀ ìjẹko kan. Àwọ̀ ọ̀dà tí olúkúlùkù fi sí ara ẹran rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹran ọ̀dọ́ àgùntàn ni oúnjẹ Ọdún Àjíǹde. Ẹran àgùntàn ni wọ́n sì ń sè pọ̀ mọ́ àlùbọ́sà àti ọ̀dùnkún òyìnbó, èyí tí ọjà Nàìjíríà ń pè ní Áírìṣì títí di òní. Nígbà tí àrùn tó ń dá egbò sí ẹran lẹ́nu àti ní pátákò dé Cooley, ní agbègbè Louth, ní oṣù kẹta 2001, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgùntàn ni wọ́n pa kó má baà tàn kálẹ̀. Kí ó tó dé pàápàá, ìbẹ̀rù rẹ̀ ti mú kí wọ́n sún ìwọ́de ọjọ́ Patrick Mímọ́ ní Dublin síwájú.

Àmọ́ ewu tuntun ti dé, kò sì pariwo. Ẹ̀wù òtútù erékùṣù Aran lókìkí káàkiri ayé, síbẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, owó tí agbẹ̀ ń san fún ẹni tó gẹ irun àgùntàn ju owó tí irun náà ń mú wá lọ. Owó ìrànwọ́ láti Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló ń gbé ọ̀pọ̀ ró. Ọ̀nà kan ò wọjà: púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn. Àwọn ọmọ wọn sì ń wo ìlú ńlá.

Ohun tí Adair fi ọlọ́pàá ṣe ní ọjọ́ díẹ̀, àìrówó lè fi ọgbọ̀n ọdún ṣe é láìwó ilé ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ènìyàn máa gbé orí òkè wọ̀nyẹn, kó san owó tó tọ́ fún ẹni tó ń sin àgùntàn.